Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: bí a ṣe ń yan awò LPVO fún ráífù

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ni, ní oko màlúù kan lápá ìwọ̀ oòrùn Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti hú koríko olóko náà tán, ó sì ní kí n wá bá òun dín wọn kù. Mo jókòó ti igi kan pẹ̀lú ráífù AR-15 mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra awò tuntun sí i ni, ìyẹn gíláàsì tí a ń fi fojú sun nǹkan, èyí tó ń mú nǹkan tóbi láti ìlọ́po 1 dé 10. Owó rẹ̀ kò pọ̀, inú mi sì dùn sí nọ́ńbà 10 yẹn gan-an. Mo ti yí i dé òkè pátápátá kí n lè máa ṣọ́ etí igbó lọ́hùn-ún.

Oòrùn wọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà yọ lápá òsì mi, wọn kò jìnnà ju 40 yáàdì lọ. Mo gbé ìbọn, mo fojú sí awò, gbogbo rẹ̀ dúdú. Mo sún orí síwájú, mo sún un sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan tàn, ó tún pòórá. Nígbà tí mo wá ríran, irun ló kún inú awò bámúbámú. N kò mọ̀ bóyá èjìká ni tàbí ìbàdí, n kò sì rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà. Ọmọ màlúù wà nínú pápá yẹn. Mo sọ ìbọn kalẹ̀, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà sì bá tiwọn lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà yan awò padà. Nọ́ńbà tó ga jù ni mo wò tẹ́lẹ̀ kí n tó san owó, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀, níbi 1, ni ìbọn mi ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni bí mo ṣe ń yan awò báyìí, láti orí bébà títí dé orí pápá.

Kí ni LPVO?

Orúkọ tí àwọn ayìnbọn Amẹ́ríkà ń pe awò ìbọn tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 nìyẹn (low power variable optic). Ní 1, nǹkan rí bí ojú lásán ṣe ń rí i. Tí ẹ bá yí òrùka ẹ̀yìn rẹ̀, á gòkè lọ sí 4, 6, 8 tàbí 10. Ní 6, ohun tó wà ní 300 yáàdì á dà bí ohun tó wà ní 50. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Jámánì àti Austria ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́ fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ajá àti èèyàn lé jáde láti inú igbó, níbi tí ẹran ti ń fi eré kọjá lẹ́bàá èèyàn. Àwọn tó ń fi ìbọn díje ní Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà á lẹ́yìn náà, àwọn ológun sì tẹ̀ lé wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn Marine ilẹ̀ Amẹ́ríkà yan awò Trijicon VCOG 1-8x28 fún ráífù ọmọ ogun wọn, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti fi awò ACOG tí agbára rẹ̀ dúró sójú kan ní 4 jà.

Nínú àkọlé bíi 1-6x24, 1 sí 6 ni agbára rẹ̀, 24 sì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mílímítà. Ẹ fi 24 yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Kí ẹ tó mú owó jáde

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀, nítorí mo mọ àwọn tí mò ń kọ̀wé sí. Tó bá jẹ́ físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ fi wà ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tí ẹ bá wà lára àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ìdíwọ́ yìí kò kan ẹni tó ní green card. Ní ti awò fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe dì í sínú ẹrù tó ń lọ sí Èkó. Ìjọba Amẹ́ríkà ka awò ráífù mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó jáde lọ sí ilẹ̀ bíi Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìbọn ọdún 1959 ní Nàìjíríà ka ráífù tó ń lo ọta ológun sí èèwọ̀ fún ará ìlú. Ibi tí ìbọn wà lábẹ́ òfin ni kí awò rẹ̀ náà máa wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ ìbọn náà sílẹ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ìgbà mẹ́wàá tó kẹ́yìn tí ẹ yin ráífù yẹn, kí ẹ kọ bí ohun tí ẹ yìn ṣe jìnnà tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ fi èyí tó wù yín kó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ tèmi, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wà láàrin 25 sí 120 yáàdì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kọjá 250, orí pápá ìdánrawò sì ni.

Tí gbogbo tiyín bá wà lábẹ́ 100, ẹ má ra LPVO. Awò kékeré onítótó pupa (red dot), tí kò fa nǹkan súnmọ́ rárá, fúyẹ́ ju u lọ, ó yá ju u lọ, kò sì bìkítà ibi tí orí yín wà. Tó bá jẹ́ 400 yáàdì sókè lẹ máa ń yìn, awò tó bẹ̀rẹ̀ láti 3 tí gíláàsì iwájú rẹ̀ tóbi ni ẹ nílò. LPVO wà fún ìbọn tó gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu ilé adìẹ lówùúrọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ní 200 yáàdì nírọ̀lẹ́.

Ìdí kan tún wà tí wọn kì í sọ tó. Àwọn kan wà tí ojú wọn ní àléébù tí dókítà ń pè ní astigmatism. Tí wọ́n bá wo awò onítótó pupa, tótó náà á fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ bí ìràwọ̀, tàbí kó di méjì. Irú àmì inú LPVO tí wọ́n gbẹ́ sára gíláàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún rò pé ojú òun ti parí fún ìbọn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba èyí, ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ máa yí òrùka kékeré tó wà létí ojú yín títí àmì náà á fi mọ́.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ó ti mọ́ o.” Kò lo onítótó pupa mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ní ṣọ́ọ̀bù, orí 1 ni kí ẹ ti dán an wò

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹni tó ń tà á á fẹ́ kí ẹ yí i sókè kí ẹ wo páálí tó wà lójú títì lódìkejì. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ yí i padà sí 1.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó dúró gbọnrangandan, bíi férémù ilẹ̀kùn. Ẹ la ojú méjèèjì, ẹ gbé awò síwájú ọ̀kan nínú wọn. Ìlà férémù yẹn gbọ́dọ̀ kọjá láti ìta wọ inú awò, kó sì tún jáde, láìṣẹ́. Tí ilẹ̀kùn inú awò bá tóbi ju ti ìta lọ, tàbí tó kéré sí i, a jẹ́ pé 1 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe 1 gan-an. Ọpọlọ yín á máa bá a jà nígbà tí ẹ bá la ojú méjèèjì, ẹ ó sì rí i pé ẹ ti ń di ojú kan láìmọ̀. Ẹ tún wo etí àwòrán náà: ṣé férémù dúró ṣánṣán ni, àbí ó tẹ̀ bí ọrun ọfà? Gíláàsì tí kò dára máa ń tẹ̀ létí. Mo lè fara mọ́ títẹ̀ díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ 1 tó ń parọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ rọra mi orí sí ọ̀tún, sí òsì, sókè, sísàlẹ̀. Òjìji dúdú kan tó dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé á máa yọ wọ inú àwòrán láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ kíyè sí bí orí yín ṣe rìn tó kó tó yọ. Awò tó ń dárí ji orí tí kò dúró síbi tó yẹ ni ẹ ń wá, torí pé nínú oko, lórí òkúta, lẹ́yìn ọkọ̀, orí kì í sábà dúró síbi tó yẹ. Ẹ tún un ṣe ní 6. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ awò olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú ti máa ń hàn jù.

Tí ṣọ́ọ̀bù bá ní ìbọn tí wọ́n ti de irú awò náà mọ́, ẹ tọrọ rẹ̀. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò fúnra yín, kí ẹni tó ń tà á náà yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò sí ọta níbẹ̀. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ di ojú, ẹ gbé e sí èjìká, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá la ojú. Ṣé ẹ ríran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àbí ẹ ní láti wá àwòrán kiri? Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Tí ẹ kò bá ríran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nínú ìgbà mẹ́jọ ó kéré tán, ẹ dá a padà, ì báà jẹ́ ti olórúkọ ńlá. Ìrísí orí àti ọrùn èèyàn kò dọ́gba. Awò tí ọ̀rẹ́ yín ń yìn lè má bá yín mu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ tí nọ́ńbà òkè ń jẹ

Ẹ na awò síwájú ní gígùn apá, kí gíláàsì iwájú rẹ̀ kọjú sí ibi tó mọ́lẹ̀. Láàrin gíláàsì ẹ̀yìn, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ róbótó kan. Ìmọ́lẹ̀ róbótó yẹn ni gbogbo ohun tí awò náà ní láti fún ojú yín. Ẹ máa yí òrùka láti 1 lọ sókè, ẹ ó rí i bó ṣe ń sún kì, tó ń kéré bí ẹni pé ẹnìkan ń ti ilẹ̀kùn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi agbára pín fífẹ̀ gíláàsì iwájú. 24 pín sí 6, mílímítà 4. 24 pín sí 8, mílímítà 3. 24 pín sí 10, 2.4. Ní ọ̀sán gangan, ihò ẹyinjú wa kò ju mílímítà 2 sí 3 lọ, nítorí náà 10 náà á mọ́ kedere. Nírọ̀lẹ́, ihò yẹn á ṣí. Ti ọ̀dọ́ lè dé mílímítà 7. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ó ń dín kù, ti àgbà lè má kọjá 5. Ojú ti ṣílẹ̀kùn tó mílímítà 5, awò ń rọ 2.4 sínú rẹ̀. Ohun tó sọ oko di dúdú mọ́ mi lójú ní ìrọ̀lẹ́ yẹn nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín yẹn náà ló sì fà á tí orí mi fi ní láti wà síbì kan pàtó kí n tó ríran.

Àwọn bàbá wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tí ẹ bá kúrò ní 1-6 lọ sí 1-10, agbára mẹ́rin tó lé sí i nìkan kọ́ lẹ ń rà. Ẹ ń ra ìmọ́lẹ̀ tó kéré, ibi tó há fún ojú, àti, tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣeé lò, owó tó lè lé ní 2,000 dọ́là. Ó ṣeé ṣe láti ṣe 1-10 tó dára, Vortex Razor Gen III jẹ́ ọ̀kan; ṣùgbọ́n 1-10 olówó pọ́ọ́kú ni ohun tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n má rà. Ìmọ̀ràn mi fún ọ̀pọ̀ jù lọ ni 1-6x24. Ẹni tó ń gbé níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ rẹrẹ, tó sì ń yìn dé 400 lóòótọ́, lè lọ sí 1-8. Ẹ má sì fojú di 1-4. Ó kúrú, ó fúyẹ́, ní 4 ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú yín jẹ́ mílímítà 6, ó sì tó fún ẹran ńlá dé 200 yáàdì láìsí wàhálà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àmì inú awò, àti iná rẹ̀

Reticle ni wọ́n ń pe àmì tí à ń fi fojú sun nǹkan. Oríṣi ibi méjì ni wọ́n ń fi í sí. Nínú awò SFP (second focal plane), àmì wà lápá ẹ̀yìn, níbi ojú; kì í tóbi, kì í kéré, ì báà jẹ́ 1 tàbí 6 lẹ wà. Nínú awò FFP (first focal plane), àmì wà lápá iwájú; ó ń tóbi bí àwòrán ṣe ń tóbi, ó sì ń kéré bó ṣe ń kéré.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí lọ́wọ́ ayìnbọn rèé. Àwọn ìlà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ àmì, tí a fi ń gbé ìbọn sókè fún ohun tó jìn, máa ń péye ní agbára èyíkéyìí nínú FFP. Nínú SFP, orí agbára tó ga jù nìkan ni wọ́n sábà máa ń péye. Lójú àkọ́kọ́, FFP ló yẹ kó borí. Ṣùgbọ́n ẹ yí FFP padà sí 1 kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: gbogbo ìlà yẹn á kóra jọ di nǹkan bí èérún aláǹtakùn láàrin awò. Tí iná rẹ̀ kò bá lágbára, ẹ kò ní rí i lára irun ẹlẹ́dẹ̀. Fún 1-6, SFP ni mo fara mọ́, torí pé tí mo bá nílò ìlà wọ̀nyẹn, mo ti yí i dé 6 náà nìyẹn. Láti 1-8 sókè, FFP bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀, tí iná rẹ̀ bá dára.

Iná: ẹ gbé awò jáde sínú oòrùn ọ̀sán, ẹ tan iná rẹ̀ dé òkè, ẹ fojú sun ògiri funfun. Tí ẹ bá ṣì rí pupa rẹ̀, ó dára. Ọ̀pọ̀ awò ló ń kọ ọ́ sára páálí pé iná wọn ń tàn lọ́sàn-án, tó jẹ́ pé inú ilé nìkan ló ti ń tàn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ iná náà pẹ̀lú: lálẹ́, iná tó pọ̀ jù á fọ́ ojú, ẹ kò sì ní rí ẹran. Bátìrì CR2032 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ẹyọ AA kan ni VCOG ń lò. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ fi òmíràn pa mọ́ sínú ìdí ìbọn tàbí àpò. Kí ẹ sì rí i pé wọ́n gbẹ́ àmì náà sára gíláàsì, kó lè jẹ́ pé bí bátìrì bá kú, dúdú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má ra àmì tó kún bí ilé aláǹtakùn. Róbótó kan tàbí ìlà nípọn fún ìtòsí, tótó kékeré láàrin, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún nísàlẹ̀. Ó tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: mil tàbí MOA

Ìwọ̀n igun ni méjèèjì, tí a fi ń sọ bí ibi tí ọta bà ṣe jìnnà tó sí ibi tí a fojú sùn. Ẹ kò nílò láti jiyàn lórí èyí. MOA kan jẹ́ íńṣì 1.047 ní 100 yáàdì. Mil kan jẹ́ íńṣì 3.6 ní 100 yáàdì, tàbí sẹ̀ǹtímítà 10 ní 100 mítà. Kókó tí ẹ ń yí lórí awò á máa dún kẹ́, kẹ́. Kẹ́ kan lè jẹ́ 0.1 mil, tàbí ìdá mẹ́rin tàbí ìdajì MOA. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì ni pé kí ìlà inú awò àti kókó ìta máa sọ èdè kan náà. Awò tí ìlà rẹ̀ jẹ́ mil tí kókó rẹ̀ sì jẹ́ MOA á mú yín ṣe ìṣirò níbi tí kò sí àyè fún ìṣirò. Kí kókó náà ní ìdérí, kí igi àti okùn àpò má bàa yí i láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: owó àti ìwúwo

Ẹ pín owó yín kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá ní 800 dọ́là, ẹ má fi 800 ra awò. Ìjókòó awò tó dára á gbà tó 150 dọ́là nínú rẹ̀, ọta ìdánrawò á gba apá kan. Ẹni tó ní awò 500 dọ́là tó sì ti yin ọta 500 dáńgájíá ju ẹni tó ní awò 1,500 tó ń bẹ̀rù àtiyìn lọ.

Ní ìsàlẹ̀, Vortex Strike Eagle 1-6x24 àti Primary Arms SLx 1-6x24 ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn dáadáa. Àmì ACSS tí Primary Arms, iléeṣẹ́ Houston níbí, fi sínú tiwọn rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Láàrin, Trijicon Credo 1-6x24 yẹ ní wíwò. Lókè, Vortex Razor HD Gen II-E 1-6x24, tí wọ́n ń ṣe ní Japan, ni mo ń fi wọn àwọn yòókù. Ní 1, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé kò sí nǹkan kan níwájú ojú yàtọ̀ sí àmì. Àwọn ará Austria, Swarovski àti Kahles, tún wà lókè rẹ̀ fún ẹni tó lágbára.

Razor yẹn wọn áúnsì 21.5. Tí ẹ bá fi ìjókòó kún un, ó ń súnmọ́ 30, ìyẹn nǹkan bíi pọ́ùn méjì lórí ìbọn tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju pọ́ùn méje lọ. Ẹ de igo omi tó kún mọ́ orí ìbọn yín fún wákàtí kan, kí ẹ rìn yí ilé ká, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹ lè gbé e.

Ìgbésẹ̀ keje: ìjókòó rẹ̀

Ọ̀pọ̀ awò tí wọ́n ń pè ní awò tó bàjẹ́, ìjókòó ni kò dára. Mo ti rí i níbi tí èèyàn ti yin ọta 40 tó ń lé ibi tí ọta ń bà kiri, tó sì jẹ́ pé sukúrúù kan ló ṣí.

Lórí AR-15, ẹ ra ìjókòó alódidi kan tó na apá síwájú, kí awò lè súnmọ́ iwájú tó láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ìjókòó gun réèlì (irin tí a ń de nǹkan mọ́) ibi ìdìmú. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ara ìbọn gan-an, torí pé ibi ìdìmú lè tẹ̀ díẹ̀ tí a bá fi ara tì í. Gíga íńṣì 1.5 láti orí réèlì bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu; ẹni tí ọrùn rẹ̀ gùn tàbí tó fẹ́ dúró ṣánṣán lè lọ sí 1.93. Kí òrùka rẹ̀ bá ara awò mu: 30 mílímítà ni ọ̀pọ̀ 1-6, 34 ni ọ̀pọ̀ 1-10.

Ẹ yí awò dé agbára tó ga jù, níbi tí ojú ti ń há jù, kí ẹ tó yan ibi tó máa jókòó sí. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ dìde dúró, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ wá ibi tí ẹ ti ń ríran nínú gbogbo wọn, tí àyè bí íńṣì 3.5 sí 4 sì wà láàrin ojú àti gíláàsì. Ẹ so nǹkan wúwo mọ́ ìdí okùn, ẹ fi kọ́ sójú ọ̀nà ní yáàdì díẹ̀ sí yín, kí ìlà òòró inú awò bá okùn náà dọ́gba nígbà tí ìbọn bá dúró ṣánṣán. Kí ẹ wá fi tọ́kì sípánà, èyí tó ń sọ bí a ṣe dì í le tó, dì í. Òrùka sábà máa ń gba íńṣì-pọ́ùn 15 sí 18. Ẹ ka ìwé tó bá a wá, torí pé ti ìsàlẹ̀, tó di réèlì mú, lè ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ máa dì wọ́n díẹ̀díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń di táyà ọkọ̀. Ẹ fi ọ̀dà ìṣaralóge ìka fa ìlà tín-ín-rín láti orí sukúrúù sára ìjókòó. Tí ìlà yẹn bá já, ẹ mọ̀ pé ó ti ṣí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: orí pápá

Zero ni wọ́n ń pe mímú kí ọta bà níbi tí àmì wà. Fún ọta 5.56 tí AR-15 ń lò, láti inú ọ̀pá ìbọn íńṣì 16, 50 yáàdì ni mo ń fẹ́ jù fún ìbọn onígbogbo-iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 25 kí ọta lè kọ́kọ́ wọ bébà, ẹ wá lọ sí 50. Ọta mẹ́ta, ẹ wò, ẹ yí kókó, ọta mẹ́ta mìíràn. Tó bá bà ní 50, á gòkè díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, á tún padà sórí àmì ní nǹkan bíi 200 yáàdì; láàrin 25 sí 200, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju íńṣì 2 lókè tàbí nísàlẹ̀ lọ. Ẹ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú ọta tiyín, ní 100 àti 200, torí pé ọta kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ dán awò fúnra rẹ̀ wò ní ọjọ́ yẹn kan náà, kí ọjọ́ ìdápadà rẹ̀ tó kọjá. Ẹ yin ọta mẹ́ta. Ẹ yí kókó lọ sókè ní mil 2, ẹ yin mẹ́ta. Sọ́tùn-ún mil 2, mẹ́ta. Sísàlẹ̀ mil 2, mẹ́ta. Sósì mil 2, mẹ́ta. Ìdì ọta tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ bà sórí ti àkọ́kọ́. Ní 100 yáàdì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan igun mẹ́rin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 7.2. Awò mi àkọ́kọ́, tí n kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, kò padà sílé. Íńṣì mẹ́ta ló fi ṣìnà. Ká ní mo ti dán an wò lọ́sẹ̀ tí mo rà á ni, mi ò bá ti gba owó mi padà.

Ohun kan tún wà tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Awò ga ju ọ̀pá ìbọn lọ ní nǹkan bí íńṣì 2.6. Ní 10 yáàdì, ọta á bà ní nǹkan bí íńṣì 2 sísàlẹ̀ ibi tí ẹ fojú sùn. Fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó wà lẹ́nu ilé adìẹ, íńṣì 2 ni ìyàtọ̀ láàrin pípa á àti ṣíṣe é léṣe. Ẹ lẹ bébà mọ́ pákó ní 10 yáàdì, ẹ yin mẹ́wàá, kí ojú yín lè kọ́ ọ.

Nípa Texas wa níbí: tí ẹ bá gbé ìbọn jáde láti inú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù, ìrì á bo gíláàsì awò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ti fi gáàsì gbígbẹ bíi nitrogen rọ́pò afẹ́fẹ́ inú awò, ìta rẹ̀ ni ìrì ń bò. Ẹ pa ẹ̀rọ náà ní ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó dé oko, kí ẹ ṣí fèrèsé.

Mo lẹ bébà kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí ìbọn mi, mo kọ ọjọ́ tí mo ṣe zero, irú ọta tí mo lò, àti ibi tí ọta bà ní 10, 100, 200 àti 300 sórí rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, mo fi bírò pupa kọ “1”. Tí mo bá ti fi 6 wo etí igbó tán, kí n tó gbé ẹsẹ̀, ọwọ́ òsì mi á ti yí òrùka padà síbẹ̀.